Ẹ Sọ̀kalẹ̀ Lórí Òkìtì Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí kó lè dùn mọ́ yín nínú. Àwọn tó ṣáájú wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Orí ọmọ wọ́ níṣojú mi, mo pariwo, ẹ ní Bàbá ti ń darúgbó, pé nǹkan kékeré ló ń bí i nínú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kò gbọ́ ti ẹnu mi, ẹ wá ka ti ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún ni. Bọ́ọ̀sì kékeré méjì la kún, tọmọdé tàgbà, gbogbo wa ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àyíká rẹ̀. A kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, sí Wiltshire. Èmi ni mo dá àbá ìrìn náà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ ẹrù gba títì A4, mo sì rò ó pé ó yẹ kí àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú yìí mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ní ìtàn tó jìnnà ju ti ààfin ọba Lọ́ńdọ̀nù lọ. A gbé ọkọ̀ sí ẹ̀bá títì, a ré odò Kennet kọjá lórí afárá kékeré, a gun òkè gba àárín oko ọkà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹyẹ kan ń kọrin lókè tí a kò fojú rí. Lórí òkè pátápátá ni ohun tí a wá wò nà sí, koríko bò ó látòkè délẹ̀, àwọn òkúta gàgàrà dúró níwájú rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. West Kennet Long Barrow ni wọ́n ń pè é. Òkìtì ìsìnkú ni.

Ẹsẹ̀ mi kì í yára mọ́. Kí n tó dé òkè, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ti wà lórí òkìtì náà tí wọ́n ń jó, ìkẹrin gbé fóònù sókè, ó ń ya wọ́n ní fídíò. Alhaja kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ti tẹ́ aṣọ sórí koríko rẹ̀, ó ń bu ìrẹsì sí àwo. Mo tẹ̀ ba, mo wọ inú rẹ̀. Àwọn aládùúrà wa ti tan àbẹ́là sí ìdí àwọn òkúta, mo ka mẹ́rìnlá. Wọ́n ti fi òróró ya àgbélébùú sára ògiri, wọ́n ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde. Mo ní kí wọ́n pa iná yẹn. Ọmọkùnrin kan tí mo gbé jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ yíjú sí mi, ó ní: "Bàbá, ẹ ṣe ń bínú báyìí? Òkú ta ni gan-an?"

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn, kí n sì máa bá yín wí bí mo ti ń dá a lóhùn.

Òkú àwọn àgbẹ̀ ni. Nǹkan bí ọdún 3650 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n kọ́ ilé òkú yìí, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti lé ní ọdún 5,600. Kí àwọn ará Íjíbítì tó kọ́ pírámíìdì ńlá wọn, òkìtì yìí ti lo nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lórí òkè rẹ̀. Kò sí irin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nígbà náà. Ìwo àgbọ̀nrín ni àwọn èèyàn ìgbà yẹn fi ń walẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò gígùn méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n ń ru ẹfun inú rẹ̀ jọ sáàárín títí ó fi gùn tó nǹkan bí 100 mítà. Ẹfun ni o, ẹfun funfun báláú. Ẹ fojú inú wo bí yóò ti máa tàn lórí òkè náà kí koríko tó bò ó. Ní orí rẹ̀ tó kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n wọ́ òkúta tí ogún ọkùnrin kò lè dá gbé, wọ́n fi kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wọ inú lọ ní nǹkan bíi mítà 12, wọ́n sì la yàrá márùn-ún sí i: méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ọ̀kan níparí. Yàrá ni, ẹ gbọ́ mi. Wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ènìyàn wọn.

Inú yàrá wọ̀nyẹn ni wọ́n tẹ́ wọn sí. Wọ́n lé ní ọgbọ̀n, ọkùnrin àti obìnrin, arúgbó àti ọmọdé. Stuart Piggott ló darí àwọn awalẹ̀pìtàn tó wà á ní 1955 sí 1956, egungun tí wọ́n bá níbẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Àìsàn oríkèé ti jẹ àwọn kan lára wọn tó jẹ́ pé kò lè sí òru tí wọn kò kérora. Bàbá arúgbó kan wà lára wọn, orí ọfà wà níbi ọ̀fun rẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ rò ó wò. Arúgbó ọkùnrin kan, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè ti máa pè ní Bàbá bí ẹ ti ń pè mí, ọfà bá a lọ́fun, wọ́n sì gbé e wá tẹ́ sáàárín àwọn tirẹ̀. Ẹ̀yin ń jó lórí rẹ̀.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí egungun wọ̀nyẹn nígbà tó yá fi hàn pé láàárín ìran kan péré ni wọ́n sin gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá lẹ́yìn kò ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn kí wọ́n gbàgbé. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń padà wá, tí wọ́n ń da erùpẹ̀ àti ẹfun, àpáàdì àti ìlẹ̀kẹ̀, sínú yàrá náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kún dé òkè. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá gbé òkúta ńláńlá dí ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ-ọmọ tí kò lè mọ orúkọ onítọ̀hún mọ́ ló parí rẹ̀. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, à ń pa á lówe. Èwo nínú wa ló lè sọ pé òun mọ ibi tí wọ́n sin bàbá ńlá bàbá òun sí?

Ó dùn mí jù nítorí pé ẹ̀yin ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀yà mìíràn ni, ǹ bá ní wọn kò mọ̀. Àwa kọ́ ni a kò mọ ohun tí òkú inú ilé jẹ́. Kí wọ́n tó fi òfin itẹ́ òkú ìlú dé ọ̀dọ̀ wa, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà tó bá kú ikú àgbà sí, nínú yàrá rẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn lé. Ìyá tó bí bàbá mi wà nínú yàrá tí mo dàgbà sí. Kò sí òkúta orí sàréè, kò sí àkọlé. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pa dán ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gún ata níbẹ̀ rí, kò sì sí ọmọ tó fò sókè níbẹ̀ kí ìyá mi má nà án. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da sìmẹ́ǹtì sí ilẹ̀ yàrá yẹn, bàbá mi kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi tí ẹ rí yìí, mo wà níbẹ̀, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi bọ́ fìlà nígbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ba láti wọ òkìtì West Kennet. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo rí yàrá, mo rí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ara mi mọ ibi tí mo wà.

Ẹ̀yin aládùúrà, ẹ̀yin ni mo kọjú sí báyìí. Mi ò bá àdúrà jà. Àdúrà ló gbé èmi náà dé ọjọ́ orí yìí. Iná ni mo ń bá jà. Òkúta tí ẹ gbé àbẹ́là tì, sarsen ni wọ́n ń pè é, ẹ sì lè rò pé nǹkan tó le tóyẹn, kí ni àbẹ́là kékeré lè fi í ṣe? Ìgbóná ojú kan a máa mú òkúta wú, bó bá tún tutù a sán, a máa ṣí bí èèpo. Èéfín rẹ̀ á kùn ún dúdú. Ọ̀rá àbẹ́là á yọ́ wọ inú ihò wínníwínní ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òróró yín, ẹni tó bá sì fẹ́ há a kúrò yóò há ara òkúta mọ́ ọn. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń ṣe é. Àwọn òyìnbó tó ń wá bọ òòṣà àtijọ́ wọn níbẹ̀ ń tan àbẹ́là bákan náà, àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ sì ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Iná tí ẹ ní ẹ fi ń lé ẹ̀mí àìmọ́ àti iná tí àwọn yẹn fi ń pe ẹ̀mí, ojú àpá kan náà ló ń dá sára òkúta.

Ẹ sì ṣí Bíbélì tí ẹ gbé dání. Nígbà tí Sárà kú, àlejò ni Ábúráhámù jẹ́ ní Hébúrónì. Ó tẹrí ba fún àwọn ọmọ Hétì tí wọ́n ni ilẹ̀, ó ra ihò àpáta tí yóò sin aya rẹ̀ sí, ó wọn 400 ṣékélì fàdákà, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti fẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àlejò tó mọ̀ pé ibojì kì í ṣe nǹkan àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn nìyẹn. Ẹ tún wo Ìwé Àwọn Ọba Kejì. Ọba Jòsáyà tí ẹ fẹ́ràn láti máa wàásù rẹ̀, nítorí pé ó fọ́ òrìṣà, rí ibojì kan ní Bẹ́tẹ́lì, ó bèèrè ti ẹni tó jẹ́. Wọ́n dá a lóhùn pé ti ẹni Ọlọ́run kan ni. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan egungun rẹ̀. Ẹ lè sọ fún mi pé ọba kan náà sun egungun àwọn mìíràn níbẹ̀. Òótọ́ ni, mo kà á. Ṣùgbọ́n ó bèèrè kó tó fọwọ́ kan ti ẹni yìí. Ẹ̀yin ti tan àbẹ́là tán, ẹ ti lé ẹ̀mí tán, kí ọmọ kékeré tó ráyè bèèrè òkú ta ni. Ta ló sọ fún yín pé ẹlẹ́mìí àìmọ́ ni àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn? Kí ni wọ́n ṣe yín?

Alhaja, ẹ má bínú sí mi, mi ò ní dárúkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ ara yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún àwọn ọmọ iléekéwú pé Ànábì kọ̀ kí Mùsùlùmí jókòó lórí sàréè, pé ó sàn kéèyàn jókòó lórí ẹyin iná tó máa jó aṣọ rẹ̀ wọ awọ ara. Ìrẹsì yín dùn, mo sì jẹ nínú rẹ̀ nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ dé etí odò. Etí odò ló yẹ kí a ti tẹ́ aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìwọ tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí o bi mí bóyá góòlù lè wà lábẹ́ rẹ̀, tí o ní ọ̀rẹ́ rẹ kan ní ẹ̀rọ tó ń dún bí irin bá wà nínú ilẹ̀: mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí pé ọmọ rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, n kò fẹ́ dójú tì ọ́ níwájú rẹ̀. Gbọ́ ọ báyìí. Àwọn tó kọ́ òkìtì yìí kò mọ góòlù, wọn kò mọ idẹ. Ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ àti òkúta tí wọ́n fi ṣe ọ̀bẹ ni ọrọ̀ wọn. Bí góòlù tilẹ̀ wà níbẹ̀, òfin 1979 tó ń dáàbò bo àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ní ilẹ̀ yìí kò fàyè gba ẹ̀rọ yẹn níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Kéèyàn lò ó níbẹ̀ lásán ti tó ẹjọ́, ká má tíì sọ ti ẹni tó walẹ̀. Ẹni tó bá sì rí ìṣúra níbòmíràn tí òfin gbà á láyè láti wá a, ọjọ́ mẹ́rìnlá ló ní láti fi tó ìjọba létí. Ìyẹn ni ti òfin. Kí lo fẹ́ sọ fún ọmọ rẹ nípa ẹni tó ń tú sàréè nítorí owó? Nílé, kí ni orúkọ tí a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́. Nínú ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, dókítà kan wà ní ìlú Marlborough tó wà nítòsí ibẹ̀, Toope ni wọ́n ń pè é. Ó bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wú egungun òkú nílẹ̀ ní àgbègbè náà, ó sì padà lọ kó o lọ́pọ̀lọpọ̀, ó lọ̀ ọ́, ó fi ṣe oògùn fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí John Aubrey, olùwádìí ìṣẹ̀ǹbáyé, ní 1685. Ọmọ ìwé tó kàwé nípa ara ènìyàn ni o! William Stukeley, olùwádìí bíi ti Aubrey, tó dé àgbègbè náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, fi ìbànújẹ́ kọ ọ́ pé dókítà yìí ti gbẹ́ òkìtì gígùn náà bàjẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ nínú ìròyìn pé wọ́n mú àwọn ọmọkùnrin kan nílé pẹ̀lú orí òkú tí wọ́n wú ní itẹ́ òkú, tí ẹ mi orí pé ayé ti bàjẹ́, kí ẹ rántí dókítà yìí. Òwò kan náà ni. Ẹni tó bá ti lè wo egungun ọmọlójú kan kó rí ohun èlò nínú rẹ̀, ìwé tó kà àti aṣọ tó wọ̀ kò yí ohun tó jẹ́ padà.

Ẹ yíjú sápá àríwá kí ẹ wo ohun tí ojúkòkòrò ń fi ilẹ̀ ṣe. Lórí òkìtì wa yẹn, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ ó rí òkè ńlá roboto kan ní ìsàlẹ̀: Silbury Hill. Ọwọ́ ènìyàn ló mọ ọ́n, ní nǹkan bí ọdún 2400 ṣáájú ìbí Kristi, ó ga ju 30 mítà lọ. Ní 1776, wọ́n kó àwọn awakùsà wá, wọ́n gbẹ́ ihò láti ṣóńṣó orí rẹ̀ tààrà dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń wá òkú ọba. Ní 1849, àwọn mìíràn tún gbẹ́ ọ̀nà abẹ́lẹ̀ wọ ìdí rẹ̀. Láti 1968 sí 1970, wọ́n tún wọ inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí òkú, kò sẹ́ni tó rí góòlù. Ihò 1776 kò sì dí dáadáa. Nínú oṣù Karùn-ún 2000, ó ya ẹnu lójijì ní ṣóńṣó orí òkè náà. Ó di 2007 sí 2008 kí wọ́n tó lè rọ ẹfun kún inú gbogbo ihò wọ̀nyẹn kí òkè náà má baà wó. Àwọn tó gbẹ́ ẹ ti kú tipẹ́. Ọmọ ọmọ wọn ló san gbèsè rẹ̀. Lónìí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún mọ́. Ẹ wo bí ọ̀nà ẹsẹ̀ ṣe ń dá sórí koríko: ẹsẹ̀ kan kò pa ilẹ̀ lára, ẹsẹ̀ ẹgbẹ̀rún á ṣí koríko, òjò á gba ojú ibẹ̀ wọlé, ẹfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Nítorí náà ni mo fi pariwo pé kí ẹ sọ̀kalẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín. "Bàbá, nǹkan òyìnbó ni. Kí ló kàn wá? Wọ́n kó tiwa lọ sí mùsíọ̀mù wọn, ẹ wá ń sọ pé ká bọ̀wọ̀ fún òkú wọn." Ọ̀rọ̀ yìí ní agbára, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Èmi náà ti dúró níwájú orí idẹ Ifẹ̀ nínú mùsíọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù, omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ àti ìran fi síta ní 2018. Àwọn àgbẹ̀ tó kọ́ òkìtì wọ̀nyí, ìran wọn ti ìhà Tọ́kì òde òní wá, wọ́n gba ilẹ̀ Yúróòpù kọjá, wọ́n wọ erékùṣù yìí gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ru irúgbìn, tó fa màlúù. Ní nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn, àwọn ìran mìíràn dé, nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan fi máa kọjá, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ìran tó wà ní Bìrìtéènì ti di ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣé ó yé yín? Àwọn òyìnbó tó ń gé koríko òkìtì yẹn lónìí, tó fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òfin, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọmọ àwọn tó sùn síbẹ̀. Àlejò ló kọ́ ọ, ọmọ àlejò mìíràn ló ń ṣọ́ ọ. Kò sí ará ilé tó kù tí yóò sunkún àwọn òkú yẹn, kò sí ẹni tó mọ èdè tí wọ́n fi ń pe ìyá wọn.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi tó bi mí pé òkú ta ni: òkú tí kò ní ẹnìkan ni. Bí ọmọ òrukàn bá ń sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà, ṣé o máa bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀ kó o tó yẹra fún títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Òkú tó lọ́mọ ní agbẹjọ́rò. Wọ́n á bá ọ dé ilé ẹjọ́, wọ́n á bá ọ dé ààfin ọba. Àwọn ti West Kennet, ìwà ọmọlúàbí ẹni tó bá kọjá lọ́jọ́ náà ni gbogbo ààbò wọn. Àwọn òyìnbó kan rí èyí ní kùtù. John Lubbock, tó fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀ ní Avebury nítòsí òkìtì wa nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sórí àwọn òkúta ibẹ̀, lo ọdún púpọ̀ ní ilé aṣòfin kí òfin àkọ́kọ́ tó dáàbò bo irú ibi bẹ́ẹ̀ tó jáde ní 1882, tí àwọn onílẹ̀ ńlá sì ń bá a jà pé kí ìjọba má bọ́ sórí ilẹ̀ àwọn. Òkìtì yìí wà lára àwọn tí òfin náà kọ́kọ́ dárúkọ. Ohun tó dáa ni wọ́n ṣe. Ẹni tó jí nǹkan wa kó tún ṣe ohun tó dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, a lè gba nǹkan wa padà lọ́wọ́ rẹ̀ ká sì kọ́ èyí tó dáa.

Nítorí ilé wa náà ń jó. Mélòó nínú yín ló mọ Ihò Eléérú? Mo bi yín nínú bọ́ọ̀sì, ẹ dákẹ́. Ihò àpáta kan ni, nítòsí Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bá òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ tí àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ fi ń ṣe ọfà àti ọ̀bẹ, wọ́n sì bá òkú ẹnì kan tí wọ́n rọra sin sísàlẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 13,000. Ẹni yẹn ti sùn ju ìlọ́po méjì ọdún àwọn ti West Kennet lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún agbárí rẹ̀ yẹ̀ wò tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n ní ó jọ ti àwọn èèyàn tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé ju bó ṣe jọ tiwa lọ. Kí Odùduwà tó tẹ Ifẹ̀ dó, kí ẹnikẹ́ni tó sọ èdè Yorùbá, ẹnì kan ti gbẹ́ ilẹ̀ sin ẹnì kan sórí ilẹ̀ wa. Òkú ta ni ìyẹn náà? Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn tún bi mí.

Nígbà tí a bá sì ti ń sọ ọ́: Eredo Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà rẹ̀ dé orí odi rẹ̀ a máa tó 20 mítà níbòmíràn, ọ̀nà mọ́tò ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọdún 1979 kan náà tí òyìnbó ṣe òfin wọn tó wà lórí àga títí dòní ni ìjọba Nàìjíríà ṣe tiwọn, tí wọ́n fi dá àjọ tó ń mójú tó mùsíọ̀mù àti ibi ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Òfin kò wọ́n wa. Àwa àgbà ló jẹ̀bi èyí ju ẹ̀yin lọ. Àwa la ní ilẹ̀ lọ́wọ́ tí a tà á, àwa la wà nílé nígbà tí katakata ń wó odi. Mo lo ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ mi nílùú yìí láìsọ ọ̀rọ̀ ibì kan báyìí fún àwọn ọmọ mi, mo rò pé ilé ìwé yóò sọ ọ́. Ilé ìwé kò sọ ọ́. Ìbáwí yìí kàn mí tó bó ṣe kàn yín, mo sì gbà á.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, n ó wà ní ibi tí a gbé ọkọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan lẹ́bàá títì A4. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, mo sọ ohun tí àwọn ènìyàn mi ṣe, mo sì tọrọ àforíjì. Ẹni tó ya fídíò yẹn, kí ó ti pa á rẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ mú ọ̀rá ìkólẹ̀ wá. A kò ní há òkúta, a kò ní fọwọ́ kàn án. Ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àjókù àbẹ́là, ike omi àti bébà tó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà, láti etí odò dé ẹnu ọ̀nà òkìtì, la ó ṣà, tiwa àti ti ẹlòmíràn. Tí a bá dé òkè, ẹ bọ́ fìlà.